Èwo ni Èpò, Èwo ni Ẹ̀fọ́?

Nígbà tí ìwé ìròyìn yìí yóò bá fi dé ọwọ́ yín, yìnyín á ti lọ, oòrùn á ti máa yọjú díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ á sì ti máa rọ̀. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ ń gbé ilé tí ó ní ẹ̀yìnkùlé yóò yọjú lójú fèrèsé, tí ẹ ó rí igbó tí ó wà níbẹ̀, tí ọwọ́ yóò sì máa yún yín láti mú ọkọ́. Ọ̀rọ̀ tí a ní fún yín ní oṣù yìí kò gùn (a mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín, nítorí pé a kì í sọ̀rọ̀ kúkúrú): ẹ fi ọkọ́ náà sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ròyìn ohun tí ojú wa rí ní ọdún tó kọjá fún yín.

Àwa mẹ́rin ni a jọ gba ilé kan ní àríwá ilẹ̀ England ní oṣù kẹsàn-án ọdún kejì sẹ́yìn. Ilé àtijọ́ ni, bíríkì pupa, àtẹ̀gùn rẹ̀ a máa ké bí ẹni pé a tẹ ológbò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yìnkùlé tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Ìyá arúgbó kan ni ó ni ilé náà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ gbé inú rẹ̀ títí ọkọ fi kú, tí ìyá sì kó lọ sí ilé kékeré kan ní òpópónà kejì, nítorí pé orúnkún rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn mọ́. Láàrin ara wa, a kì í dárúkọ rẹ̀. Màmá ni a ń pè é, òun náà sì ti ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tí a kó wọlé, ewé ti ń rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejìlá, ilẹ̀ náà ṣófo bí àwo tí ajá lá. Àwa wá gbà pé kò sí nǹkankan níbẹ̀. Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Nílé, ewéko tí a kò bá rí ewé rẹ̀ mọ́, a sábà máa ń kà á sí òkú, àfi iṣu àti àwọn tí ó fara jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ìhín, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òdòdó ni ó máa ń wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ sùn ní ìgbà òtútù, tí gbòǹgbò wọn á wà níbẹ̀ tí á máa retí kí ilẹ̀ móoru. Ẹni tí ó dé ilé ní ìgbà òtútù kò tíì rí ọgbà rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹta, oòrùn ràn. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣakí, ẹni tí a bí sí ìdílé àgbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ níbí, sọ pé ojú ń ti òun láti máa wo ilẹ̀ dúdú tí ó lọ́ràá báyẹn kí igbó máa hù lórí rẹ̀. Ó lọ ra ọkọ́. Ọkọ́ òyìnbó ni, èyí tí igi rẹ̀ gùn tó ènìyàn, tí a fi ń roko láì bẹ̀rẹ̀. Ó ní irú ọkọ́ yìí ni ó ń sọ ènìyàn di ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ó gbé e lé èjìká, gbogbo wa sì tẹ̀lé e. Inú wa dùn púpọ̀ ní ọjọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí a ti fọwọ́ kan ilẹ̀. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìnkùlé mọ́ tónítóní bí àtẹ́lẹwọ́, a sì kó gbogbo ohun tí a hú jọ sí igun kan bí òkìtì.

Nǹkan kan wà ní ẹ̀bá ògiri tí ó gba agbára díẹ̀ lọ́wọ́ wa. Àwọn ọ̀mùnú pupa ni, tí wọ́n nípọn tó ìka ọwọ́, tí wọ́n jọ ń yọ lórí láti inú ilẹ̀. Nígbà tí a walẹ̀, a bá gbòǹgbò nísàlẹ̀ rẹ̀, ó rí bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀ bí ẹ̀gẹ́ tí kò ta dáadáa. Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó mi orí, ó ní, “Ohun tí ó pupa báyìí, tí a kò sì rí ẹni tí ó gbìn ín, èpò ni.” Ó kọ ọkọ́ sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó dá a sí wẹ́wẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Màmá yà kí wa. Ó rìn gba ilé ìdáná kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì dúró. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé peony òun dà? Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ń jẹ́ peony nínú àwa mẹ́rin. Ó wo òkìtì náà, ó lọ síbẹ̀, orúnkún tí kò gba àtẹ̀gùn yẹn ni ó fi kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn wóróworó gbòǹgbò náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú aṣọ rẹ̀. Ó ní ọdún 1968 tí àwọn ra ilé náà ni ọkọ òun gbìn ín. Ó ní ní oṣù kẹfà ọdọọdún ni ó máa ń tanná, òdòdó rẹ̀ a tóbi tó orí ọmọ ọwọ́, èyí tí ó bá sì kọ́kọ́ tú, ọkọ òun a gé e, a gbé e wá sórí tábìlì oúnjẹ òwúrọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kò mọ ohun tí yóò sọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsinmi lọ́rùn. Màmá rò pé àìsàn ni ó gbé e ṣubú, ó ké sí wa pé kí a bu omi wá. A ṣàlàyé fún un pé bí a ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àgbà nílé wa nìyẹn. Ó wò ó nílẹ̀ níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni omi sì wà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá bi wá ní ìbéèrè kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn wa títí di òní: “Ta ni ó sọ fún yín pé èpò ni?”

Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa. A kò mọ̀ ọ́n ni. Ohun tí a kò mọ̀, tí a kò gbìn, tí ó sì wà ní ibi tí a fẹ́ lò, òun ni a sọ ní èpò.

Bí a bá sì rò ó dáadáa, ẹ̀yin ará wa, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n tọ́ wa. Nínú èdè wa, èpò kì í ṣe orúkọ ewéko kan pàtó. Ipò tí ewéko wà ni a ń fi pè. Àgbàdo tí ó hù láti inú hóró ọdún tó kọjá sí àárín ẹ̀pà, èpò ni lójú ẹni tí ó gbin ẹ̀pà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò yọ ọmọ. Ẹ wo ẹ̀fọ́ ebòlò. Ta ni ó ń gbìn ín? Bí a bá ṣán oko tuntun, tí a sì dáná sun ún, òun fúnra rẹ̀ ni yóò hù. Bí bàbá bá ń roko, tí ó ń pe ilẹ̀ náà ní ilẹ̀ elépò, ìyá á tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, a máa já ebòlò, a máa já yánrin, a máa já odú. Ohun tí ọ̀kan ń hú dànù ni èkejì ń kó lọ sínú ìkòkò. Ilẹ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jẹ́ onílé àti ẹni tí ó jẹ́ àlejò. Gbúre tí à ń jẹ, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà ni ewé tí àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá ti wá, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀ (orúkọ tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan, ẹ ó ti fura sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí bàbá rẹ̀ ń ṣe). Àlejò méjì láti ibì kan náà. Ọ̀kan di ẹ̀fọ́, èkejì di ọ̀tá àgbẹ̀, nítorí pé bí ó bá ti wọ ilẹ̀, bóyá oko kòkó ni o, bóyá ti ẹ̀gẹ́, yóò bò ó mọ́lẹ̀ ni. Síbẹ̀, ọmọdé tí àdá bá gé lẹ́sẹ̀ ní oko, ewé ọ̀tá yìí kan náà ni wọn ó fọwọ́ ra, tí wọn ó fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹ tún rántí ewéko ojú omi tí ó gba ọ̀nà ilẹ̀ Benin wọ agbègbè Badagry ní ọdún 1984, tí ó sì dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi mọ́ àwọn apẹja Èkó àti ti ilẹ̀ Ìlàjẹ. Bí ẹ bá rí òdòdó rẹ̀, aláwọ̀ àlùkò ni, ó lẹ́wà púpọ̀. Ẹwà yẹn ni àwọn ènìyàn rí tí wọ́n fi ń gbé e kiri ayé láti ilẹ̀ Brazil.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ṣe irú rẹ̀. Ewéko kan wà tí wọ́n ń pè ní Japanese knotweed, igi rẹ̀ jọ ọparun. Ní ọdún 1850 wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ọgbà ìjọba ní Kew gẹ́gẹ́ bí ohun iyì, àwọn olówó sì gbìn ín sí ọgbà wọn. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ilé ní ilẹ̀ England, wọn á bi í bóyá ó wà níbẹ̀, òfin ọdún 1981 sì ka gbígbìn rẹ̀ sínú igbó sí ẹ̀ṣẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ tí kò ju èékánná lọ tó láti tún hù. Bí ẹ bá rí i lẹ́yìn ilé tí ẹ yá gbé, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gé e, ẹ sọ fún onílé lọ́jọ́ náà gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Òdòdó pupa tí wọ́n ń pè ní poppy, èpò inú oko àlìkámà ni láti ayébáyé. Hóró rẹ̀ lè sùn nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ tí a bá ro ilẹ̀ náà ni yóò jí. Nígbà tí ogun ọdún 1914 sí 1918 fi ìbọn ńláńlá tú ilẹ̀ Faransé àti Belgium sókè, òun ni ó hù bo ibojì àwọn ọmọ ogun. Láti ọdún 1921 ni wọ́n ti ń fi àwòrán rẹ̀ sí àyà ní ilẹ̀ yìí ní oṣù kọkànlá. Àgbẹ̀ tí ó ń hú u nínú oko rẹ̀ ní oṣù karùn-ún lè jẹ́ ẹni tí yóò fi í sí àyà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀yìnkùlé wa, nítorí ìtàn náà kò tíì tán.

Ní ìparí oṣù karùn-ún ni a gbin tẹ̀tẹ̀. Bàbá ará Jamaica kan, tí ó ní oko kékeré lára àwọn ilẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń yá àwọn ará ìlú, ni ó fún wa ní irúgbìn rẹ̀. Callaloo ni òun ń pè é. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i ní oko rẹ̀ a kígbe pé tẹ̀tẹ̀ rè é, bàbá ní callaloo ni, a sì jọ jiyàn díẹ̀ kí a tó rí i pé ohun kan náà ni à ń sọ. A fọ́n ọn sí ẹ̀bá pákó tí ó pààlà, ó sì hù dáadáa. Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Àwa náà sì ti lọ yangàn ní ìpàdé ẹgbẹ́ pé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rírò tí a ó jẹ ní àpèjẹ oṣù keje, láti ẹ̀yìnkùlé wa ni yóò ti wá.

Nígbà tí ó fi di ìparí oṣù kẹfà, tẹ̀tẹ̀ ti ga tó àtẹ́lẹwọ́. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ìwádìí wa gbóná, láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ni a fi ń wà ní ilé ìkàwé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan a délé, a bá ìwé pélébé kan lórí tábìlì ilé ìdáná. Màmá ni ó kọ ọ́. Ó ní kí a má bínú pé òun wọlé láì sọ tẹ́lẹ̀, ó ní òun rí i pé ìwé kíkà kò jẹ́ kí a ráyè ọgbà mọ́, nítorí náà òun ti bá wa fa gbogbo èpò ẹ̀bá pákó tu.

A sáré jáde. Ilẹ̀ mọ́ bí àtẹ́lẹwọ́. Ewé tẹ̀tẹ̀ wà lórí òkìtì, ó ti rọ. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní, “Ó ti gbẹ̀san.” Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó ní, “Rárá o. Bí a ti ṣe é náà ni.”

Èyin tí ẹ wà ní àpèjẹ náà yóò rántí pé spinach tí wọ́n dì sínú yìnyín ni a fi se ọbẹ̀, tí ẹ sì ń bi wá pé tẹ̀tẹ̀ tí ẹ ń fi yangàn ńkọ́. Ìdáhùn rè é. A kò fẹ́ sọ ọ́ ní ọjọ́ náà nítorí pé Màmá wà láàrin àwọn àlejò.

Ẹ̀ṣẹ̀ Màmá kò pọ̀. Òyìnbó ń pe ìdílé tẹ̀tẹ̀ ní pigweed, ewé tí ó yẹ fún ẹlẹ́dẹ̀, nínú gbogbo ayé rẹ̀ kò sì rí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gbìn ín. Kódà, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà má ṣe fi ẹ̀tanú gbọ́ èyí: mọ̀lẹ́bí tẹ̀tẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Palmer amaranth wà ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Georgia, tí ó ń pa owú àti ẹ̀wà soya lára. Ó lè ga ju ènìyàn lọ, abo rẹ̀ kan ṣoṣo lè so ju hóró 100,000 lọ, láti nǹkan bí ọdún 2005 ni àwọn àgbẹ̀ sì ti mọ̀ pé oògùn apèpò glyphosate kò ràn án mọ́. Àgbẹ̀ Georgia tí ẹ bá sọ fún pé ẹ ń wá irúgbìn tẹ̀tẹ̀ yóò wò yín tìyanu-tìyanu.

Nígbà tí a sọ fún Màmá, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó béèrè pé ṣé òun náà ní láti dọ̀bálẹ̀ ni? A ní ó ti o, obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, kíkúnlẹ̀ ni, a sì dá orúnkún rẹ̀ lóore, a fi jì í. Ní ọjọ́ náà ni a jọ rin ẹ̀yìnkùlé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ dání, àwa mú àkísà aṣọ pupa. Ohun tí ó bá fẹ́ kí ó wà, á dárúkọ rẹ̀, àwa á ki igi bọlẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, á so àkísà mọ́ ọn. Ohun tí àwa náà bá fẹ́, a ó ṣe bákan náà.

Àríyànjiyàn ńlá wà lórí dandelion, òdòdó òfeefèé tí ó ń hù nínú pápá gbogbo, tí irun funfun rẹ̀ ń fò kiri. Màmá ní èpò ni, kí a yọ ọ́ tìdítìdí. A ní yánrin wa nìyí. Ẹ wo ewé méjèèjì, bí eyín ayùn ni etí wọn rí, kódà orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún yánrin, taraxacifolia, ohun tí ó túmọ̀ sí ni “elewé dandelion”. Àwọn Faransé ń jẹ ẹ́ ní tútù, àwọn kan sì ń yan gbòǹgbò rẹ̀ mu bíi kọfí. Ó korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ ewúro dàgbà tí yóò sá fún ìkorò? Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé kí a fi sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé, kí a sì máa já òdòdó rẹ̀ kí ó tó di irun, kí ó má bàa fò lọ sí ọgbà aládùúgbò. Lórí ewé tí ń jó ni, tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n èsìsì wa, kò sí ìjà. Màmá fúnra rẹ̀ ní kí a fi díẹ̀ sílẹ̀ ní igun, nítorí pé orí rẹ̀ ni àwọn labalábá kan ń yé ẹyin sí. Ó ní nígbà ogun, ìyá òun a máa fi ọ̀mùnú rẹ̀ se ọbẹ̀. Omi gbígbóná ni ó ń pa jíjó rẹ̀.

Ìtàkùn kan ṣoṣo ni a kò gbà fún Màmá. Ó fà mọ́ pákó, ewé rẹ̀ rí bí ọkàn, òdòdó rẹ̀ funfun, ó ṣẹnu bí fèrè. Ẹ̀gbọ́n ní bí kì í bá ṣe ọ̀dùnkún, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Kò purọ́, ìdílé kan náà ni wọ́n. Màmá ní bindweed ni, kí a má ṣe jẹ́ kí ó sùn níbẹ̀ mọ́jú. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ó ti ṣi tẹ̀tẹ̀ mú, a gbà lọ́kàn wa pé èyí náà ni ó ṣì mú. A ti fẹ́ràn ìtàkùn náà. Ó ń rán wa létí ilé. A fi sílẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, ó ti gun ẹ̀wà, ó ti so àgbàdo mọ́ra wọn, ó fún ọ̀kan lọ́rùn títí ó fi dá. A walẹ̀ láti wá ọ̀dùnkún. Gbòǹgbò funfun bí okùn ni a bá, kò ta nǹkankan, bí a ti ń fà á ni ó ń já, èyí tí ó bá sì já sílẹ̀ a tún hù. Títí di oṣù kẹwàá ni a fi ń yọ ọ́, a kò sì tíì rí ìdí rẹ̀. Màmá mọ ìtàkùn yẹn bí àwa ti mọ tẹ̀tẹ̀. Odú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ta ni a wà?

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ odú yìí náà ni ó mú wa dé ibi tí kò ní ẹ̀rín nínú. Odú ní àwọn ìbátan tí ó ń hù níbí láì gbìn ín, àwọn kan sì ti kọ̀wé sí wa pé àwọn rí odú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ má já a. Ní ilẹ̀ yìí ewéko kan wà nínú ìdílé odú, tí wọ́n ń pè ní deadly nightshade, tí èso dúdú rẹ̀ tí ó ń dán bí ẹ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ lè pa ọmọdé bí ó bá jẹ ìwọ̀nba díẹ̀. Foxglove náà wà, òdòdó rẹ̀ rí bí agogo tí a tò sórí ọ̀pá, ó sì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi so àkísà pupa mọ́ ọn. Láti ara rẹ̀ ni oògùn àìsàn ọkàn ti jáde, dókítà William Withering sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1785. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ nínú ọbẹ̀ á dá ọkàn dúró. Kí ó tó tanná, ewé lásán tí ó rí kìǹkì ni, ẹni tí ń wá ẹ̀fọ́ lè ṣì í mú. Jíjọra kì í ṣe ìmọ̀. Ohun tí ẹ kò bá ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní ìhín láti fi hàn, ẹ má gbé e kaná. Peckham kò jìnnà sí àwọn tí ó wà ní London. Kí wọ́n lọ ra ẹ̀fọ́ níbẹ̀.

Òfin náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òfin èpò ọdún 1959 dárúkọ márùn-ún: ragwort, oríṣi ẹ̀gún thistle méjì, àti oríṣi dock méjì. Kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n hù ní ilẹ̀ yín. Ó fún ìjọba láṣẹ láti pàṣẹ pé kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn kálẹ̀. Ragwort ń ba ẹ̀dọ̀ ẹṣin jẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò kan wà, aláwọ̀ dúdú àti òfeefèé bí aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan mìíràn jẹ. Ẹni tí ó ní ẹṣin àti ẹni tí ó fẹ́ràn kòkòrò náà kò lè pè é ní orúkọ kan.

Nítorí náà, báyìí ni àwa ń ṣe é nísinsìnyí. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá wọ ilé, kò gbọdọ̀ walẹ̀, yóò kàn máa rìn ín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, yóò máa wo ohun tí ó ń yọ. Ohun tí a kò bá mọ̀, a ó jẹ́ kí ó tanná kí a tó dá a lẹ́jọ́, àfi èyí tí ó bá ti ń gun ẹlòmíràn. Nínú ìwé Mátíù, baálé ilé náà sọ fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí èpò àti àlìkámà jọ dàgbà títí di ìkórè, àwọn onímọ̀ sì gbà pé èpò tí ó ń wí náà jọ àlìkámà tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀ títí yóò fi yọrí. Ọmọ àgbẹ̀ kan mọ ohun tí ó ń sọ níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ní onílé, ẹ bi í. Bí ó bá ti kú, ẹ bi aládùúgbò tí ó dàgbà jù. Ìbéèrè kan, ife tíì kan, ó tó.

Peony náà ńkọ́? Ọjọ́ ìsinmi yẹn náà ni Màmá fọ gbòǹgbò rẹ̀ mọ́, ó yan èyí tí ojú wà lára rẹ̀, ó sì ní kí Ẹ̀gbọ́n gbìn ín padà sí ẹ̀bá ògiri. Ó ní kí ojú rẹ̀ má jìn ju íǹṣì méjì lọ, nítorí bí ó bá jìn jù, ewé nìkan ni yóò máa yọ. Ó ní ìgbà ìwọ́wé ni ó yẹ kí a ṣí i nípò, kì í ṣe ìgbà ìrúwé, nítorí náà kí a má retí òdòdó fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ní ọdún tó kọjá kò ju ewé mẹ́ta lọ, gbogbo rẹ̀ sì rọ kí oṣù kẹjọ tó dé. A rò pé ó ti kú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ létí Màmá.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n ń fọ eyín lójú fèrèsé, ó sì ké. A rò pé ológbò ni ó rí. A jáde tàwa ti aṣọ òru. Ọ̀mùnú pupa méjì ni, wọ́n ti yọrí. Ó fi igi mẹ́rin àti okùn yí i ká kí ó tó lọ sí kíláàsì, ó sì tẹ Màmá láago.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ bàbá ará Jamaica ṣì kù lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó mú àpò ìwé kékeré wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Kí ó má sì gbìn ín kí oṣù karùn-ún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, nítorí òtútù òru. Kí ó ki igi bọlẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, kí ó so àkísà mọ́ ọn.